Ilé Etí Omi Méjì

Ìlérí kan ṣoṣo ni mo ṣe fún ẹbí mi kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́: mo ní màá wó ilé bàbá mi àgbà. Ẹ má rò pé ìjà la jà. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi lọ́wọ́ ní pálọ̀ ilé náà gan-an. Mo dìde, mo dúpẹ́, mo ní bí Ọlọ́run bá lè gbé mi dé Ítálì láyọ̀, ilé amọ̀ yìí á wó, ilé bulọ́ọ̀kù á sì dìde níbẹ̀. Wọ́n pariwo "Àmín" débi pé adìyẹ tó wà lábẹ́ àga sá jáde. Àmín ìyá mi nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ lókun, mo sì rò pé ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn wọ́n.

Kì í ṣe pé mo kàn ń fẹnu sọ ọ́. Mo kàwé nípa ilé kíkọ́ ní pólì, mo sì gba ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n fi yé wa níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò rí sìmẹ́ńtì ló ń fi amọ̀ kọ́lé. Èmi fúnra mi ni mo ya pílánù ilé tuntun náà: fúláàtì mẹ́rin, òkè rẹ̀ pẹrẹsẹ, wíńdò onígíláàsì yíká, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rótìmí, fi férémù sí pílánù náà, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri tí pílánù ọ̀hún fẹ́ wó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tó jẹ́. Èkùrọ́ àti ẹja gbígbẹ ni bàbá mi àgbà ń tà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kó ọjà wọn. Nígbà tí wọ́n rọ́wọ́ mú, wọ́n lọ mú bíríkìlà Àgùdà kan wá láti Èkó, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, wọ́n ní kó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn sí etí ọ̀sà. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kọjú sí omi, kí ọkọ̀ lè já ẹrù sẹ́nu rẹ̀. Ìsàlẹ̀ wà fún ẹrù, òkè wà fún èèyàn. Níwájú, òpó mẹ́rin ló gbé yàrá Bàbá dúró lókè ẹnu ọ̀nà, Àgùdà náà sì ti fi ọwọ́ ya òdòdó sí orí wọn.

Nínú pákó ilẹ̀ yàrá yẹn, ihò kan wà tí kò ju àwo ìjẹun lọ, ó sì ní ọmọrí. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó ń kanlẹ̀kùn, orí rẹ̀ ni Bàbá ń wò. Bí àlejò náà bá wù wọ́n, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní kó máa gòkè bọ̀. Bí kò bá wù wọ́n, wọ́n á dé ihò padà jẹ́jẹ́, wọ́n á rán mi: "Lọ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé." Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi, mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé." Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ló kọ́ mi pé ihò tó ń ríran náà ń gbọ́ràn.

Mi ò ní fi ìtàn ìrìnàjò dá yín lágara. Mo dé Ítálì, ó tán. Settimo Torinese ni mo kọ́kọ́ gbé, lẹ́bàá Torino, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní fakitírì tí wọ́n ti ń ṣe ìdérí ìgò. Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí títí mo fi sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti tú, mo lè wà títí di àárọ̀ Monday láìgbọ́ ohùn èèyàn kankan àfi ti rédíò.

Ṣùgbọ́n ilé tí mo ń gbé dùn mọ́ mi. Alájà mẹ́jọ ni, òkè rẹ̀ pẹrẹsẹ, wíńdò yíká, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Pílánù mi gan-an ni! Mo kọ lẹ́tà sí Bọ̀dá Rótìmí pé kí wọ́n múra, pé irú ilé tí a fẹ́ kọ́ ni mò ń gbé báyìí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé casermone ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹní ń sọ̀rọ̀ bárékè ológun, àti pé ẹni tí kò ríbi gbé ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí níbi tí mo ń gbé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa mí léjìká, ó fún mi ní ààbọ̀ búrẹ́dì rẹ̀. Mo gba búrẹ́dì náà, mo jẹ ẹ́, ìtìjú sì bò mí.

Nígbà tí iṣẹ́ fakitírì náà tán, bùrọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá mi wá òmíràn ní Padova. Cantiere ni, ibi tí wọ́n ti ń tún ilé àtijọ́ kan ṣe létí kánàlì, ní apá Portello, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi láti Venezia máa ń gúnlẹ̀ sí láyé ọjọ́un. Nígbà tí mo rí ilé náà, ó ṣe mí bíi kí n padà sí Settimo. Ara ògiri ti bó, ilẹ̀kùn fèrèsé kan so rọ̀, koríko hù láàárín bíríkì. Èmi tí mo mọṣẹ́ mọ ohun tó tọ́ sí i. Katapílà ló tọ́ sí i.

Bepi ni olórí àwọn tó ń rẹ́ ògiri, bàbá apárí kan tí sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ògiri ẹnu ọ̀nà hàn mí, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀, ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ kékeré kan. Mo wo búrọ́ọ̀ṣì náà, mo wo ara mi. Ṣé èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Mo wá òòlù. Nígbà tí yóò fi di aago mẹ́wàá, mo ti gbá gbogbo ohun tó wà lára ògiri náà dà sílẹ̀, bíríkì lásán ló kù, mo wá dúró mo ń retí kí wọ́n yìn mí.

Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ náà wọlé. Ayàwòrán ilé ni, Dottoressa ni gbogbo wa ń pè é. Ó káwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Fermo! Fermo!" Ó ní kí n dúró, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa èérún ìrẹ́ àtijọ́ náà sínú ọ̀rá. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ṣe.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní wákàtí méjì."

Bepi ló gbà mí. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé òun kò ṣàlàyé fún mi dáadáa. Wọn ò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì kan, kí n máa fi kó pàǹtírí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bóyá kí n má baà tún pa ògiri mìíràn, Dottoressa jókòó tì wá nígbà tí à ń jẹun, ó sọ ìtàn ilé náà. Oníṣòwò aṣọ kan ló kọ́ ọ, ó ti lé ní irinwó ọdún. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù rẹ̀ wá, wọ́n á já a sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó kọjú sí kánàlì. Ìsàlẹ̀ wà fún ẹrù, òkè wà fún èèyàn. Gbọ̀ngán gígùn kan la òkè já láti ojú títì dé ojú omi kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, ìdí sì nìyẹn tí fèrèsé mẹ́ta fi tò sáàárín, tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun. Lójú títì, òpó ló gbé yàrá iwájú dúró, kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí òjò bá ń rọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ò wá mọ́, àwọn tó jogún ilé náà mọ ìlẹ̀kùn omi pa, wọ́n pín gbọ̀ngán sí yàrá kéékèèké, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri.

Dottoressa ní, "Sìmẹ́ńtì yẹn ló ń pa ilé yìí. Ògiri ò rí èémí mí."

Mo wolẹ̀. Ilé wa ni obìnrin yìí ń ṣàlàyé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kàn mọ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, ṣùgbọ́n ẹni tó pa ògiri láàárọ̀ kò lẹ́nu láti pìtàn lọ́sàn-án.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Bepi bẹ̀rẹ̀ sí í po calce tí a ó fi rẹ́ ibi tí mo bàjẹ́. Òkúta ni wọ́n sun, tí wọ́n da omi sí, tí wọ́n sì fi pamọ́ sínú kòtò fún oṣù púpọ̀ títí tó fi rọ̀ bí ògì. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú, mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Òórùn pálọ̀ wa ni lẹ́yìn òjò. Ìyá mi máa ń sọ pé ìkarahun inú ọ̀sà ni Àgùdà yẹn sun, tó lọ̀, tó fi rẹ́ ilé Bàbá. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì ní pólì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹta, a dé yàrá iwájú lókè, èyí tó wà lórí òpó. A ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, a ká pákó tuntun kúrò, a bá pákó àtijọ́ nísàlẹ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n ti fi pákó onígun mẹ́rin kékeré kan dí ojú kan. Bepi ní ibi tí ìdin jẹ ni. Dottoressa ní bóyá ojú ọ̀nà èéfín ni. Wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Èmi gbé kẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀.

Mo ní, "Ojú ni."

Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní kí Bepi sọ̀kalẹ̀, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó kanlẹ̀kùn. Ó lọ, ó ń kùn. Dottoressa fi ọ̀bẹ yọ pákó náà. Mo dojú bolẹ̀ nínú eruku, mo yọjú. Orí pípá Bepi wà nísàlẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ń dán nínú oòrùn.

Ó pariwo ní èdè ìbílẹ̀ wọn, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nílé.

Mo wúkọ́. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn: "Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé."

Ẹ̀rín pa mí, mo rín in títí omi fi ń dà lójú mi, mi ò sì lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Dottoressa fìka wá etí ihò náà, ó bá ojú ibi tí irin ọmọrí rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àwọn onílé ti họ ọ́ dán. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní ilé bàbá mi àgbà ni, mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, mi ò kó pàǹtírí mọ́. Bepi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìrẹ́.

Ìbéèrè tó bi mí kẹ́yìn ni pé, "Ilé náà ṣì wà?"

Mo ní ó wà. Mo rántí pé Bọ̀dá Rótìmí ti rí ẹni tó ni katapílà, pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń lé wọn eré láti ọdún méjì wá. Lẹ́tà mi kan wà nílé tí mo ti kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ tún ń dúró dè?"

Ilé Alhaja Sìdí nìkan ni tẹlifóònù wà ládùúgbò wa. Ọ̀sán Sunday ni àwọn ará ilé mi máa ń lọ jókòó síbẹ̀ de ìpè mi, Alhaja fúnra wọn á sì jókòó tì wọ́n. Mo dúró sínú àgọ́ tẹlifóònù tó wà níwájú stazione, ìyẹn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, mo ki scheda, káàdì tí a fi ń pè, bọ̀ ọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wó ilé Bàbá mọ́."

"Ilé wo?"

"Ilé Bàbá. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ilé tó níyì ni. Irú ẹ̀ làwọn òyìnbó ń tún ṣe níbí, Bọ̀dá mi, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún bí ọmọ tuntun."

Wọ́n ní, "Talk true. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ìwé ìgbélùú yẹn, permesso, ni wọn ò fún ẹ?"

"Wọ́n ti fún mi. Amọ̀ yẹn ò ní wàhálà, sìmẹ́ńtì gan-an ló máa ń..."

"Sìmẹ́ńtì ló ń ṣe kí ni? Ìwọ! Ìwọ tó o ya pílánù?"

Mo gbọ́ ohùn Alhaja lẹ́yìn: "Kí ló wí?"

"Ó ní ká má kọ́lé mọ́, mà."

"Yéè! Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn nìyẹn."

Kí n tó là á yé wọn, scheda ti tán. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ fún mi nílùú òyìnbó.

Mo ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo yá kámẹ́rà Dottoressa, mo ya ilé náà tinú tòde: ojú ògiri tó bó, fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlẹ̀kùn omi, èmi àti Bepi lábẹ́ òpó tí calce bo ara wa, èmi tí mo dojú bolẹ̀ létí ihò. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́fà tì í. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ sílé, mo fi rán an.

Ó yá, mo wá ń retí èsì wọn. Bí mo bá ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́, àwọn tó ń gba abẹ́ òpó kọjá á dúró, wọ́n á bi mí níbi tí mo ti wá. Bàbá kan ń bi mí lójoojúmọ́, bí ẹni pé mo lè ti ibòmíràn wá lóru. Ilé tí mò ń fọwọ́ pa lára láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ó kàn mí. Èyí tó kàn mí, ẹnu mi ni mo fi ní kí wọ́n wó o. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lára ju òtútù lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá mi ló gbé tẹlifóònù nílé Alhaja.

"Ọmọ mi, a rí fọ́tò o. A ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

"Ààwẹ̀ kí ni, Màámi?"

"Lórí ibi tó ò ń gbé. Ilé ti ya, ara ẹ funfun báláú, o dojú délẹ̀, kò sí ẹní. Bọ̀dá ẹ sunkún. Wọ́n ní abájọ tó o fi ní ká má kọ́lé mọ́, pé ìyà ti mọ́ ẹ lára."

"Màámi, ibi iṣẹ́ ni! Ṣé wọn ò ka lẹ́tà ni?"

"Wọ́n kà á. Pásítọ̀ ní bí ìyà bá pọ̀ jù, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín."

"Ilé Bàbá ńkọ́?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Bọ̀dá ẹ ò lè dúró mọ́. Wọ́n ní o gbọ́dọ̀ ríbi gidi padà sí kíákíá. Wọ́n wó o ní Tọ́sìdeè. Ọjọ́ méjì gbáko ni katapílà fi bá a jà. Ògiri yẹn ò kọ́kọ́ gbà."

Mo bi wọ́n bóyá inú wọn dùn sí i.

"Èmi? Ta ló bi mí? Ṣebí Àmín lẹ ní kí n ṣe." Wọ́n tún ní, "Mo mú ọmọrí ihò yẹn. Òun ni mo fi ń dé ìkòkò omi mi."

Mo sunkún nínú àgọ́ náà. Ẹnì kan ń fi owó ẹyọ kan gíláàsì, ó fẹ́ kí n jáde, ó ní ìpè tirẹ̀ láti pè.

Lọ́jọ́ Monday, Dottoressa ní kí n bá òun gba fọ́tò ihò ilé wa, òun fẹ́ fi sínú ìwé tí òun ń kọ nípa iṣẹ́ náà. Mo ní kó ní sùúrù, pé wọ́n ń tún ilé náà ṣe. Inú rẹ̀ dùn gidigidi.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé etí kánàlì náà, wọ́n ti fi gíláàsì bo ihò yẹn, wọ́n tan iná sí i, àwọn tó wọ aṣọ olówó ńlá tò láti wo ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí mo bàjẹ́ ń dán, ọwọ́ mi ló rẹ́ ẹ. Obìnrin kan bi mí, tìfẹ́tìfẹ́, bóyá a ní ilé àtijọ́ lọ́dọ̀ tiwa. Mo ní tuntun la ní.

Ilé tuntun náà parí ní tòótọ́. Bọ̀dá Rótìmí tẹ̀ lé pílánù mi láìyẹ ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo rò fún ìṣẹ́jú kan pé Settimo ni wọ́n yà. Ìyá mi ló ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀, wọ́n ní ooru inú rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn sùn lọ́sàn-án.

"Àwọn èèyàn ń wá o," wọ́n sọ fún mi ní Sunday tí mo pè wọ́n. "Wọ́n á kanlẹ̀kùn, mi ò ní mọ ẹni tó jẹ́, màá kàn ṣí i. Gbogbo wọn ló ń béèrè ẹ. Wọ́n ní ṣebí ilé ẹ nìyí, torí ẹ la ṣe kọ́ ọ. Kí ni kí n máa wí fún wọn?"

Mo wo ọwọ́ mi tí mo fi di tẹlifóònù mú. Calce ti wọ abẹ́ èékánná, kì í tán níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ sọ fún wọn pé mi ò sí nílé, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Àwa méjèèjì sì di tẹlifóònù mú bẹ́ẹ̀ títí scheda fi tán.